Ọkọ̀ Tí Ń Fẹ̀yìn Rìn

Bàbá ìyàwó mi kò jẹ ẹran ní Amẹ́ríkà. Ó ní òun kò mọ ẹni tí ó dúḿbú rẹ̀, òun kò sì mọ ohun tí ẹni náà ń wí lẹ́nu nígbà tí ó ń dúḿbú rẹ̀. A ṣàlàyé fún un pé ọwọ́ Mùsùlùmí bíi tiwa ni a ti ń ra ẹran, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí ilé wa ní Hyattsville. Ó ní ó dára, kí àwa máa jẹ ẹ́. Ẹja ńkọ́? Ẹja tí ó wà níbẹ̀, inú yìnyín ni ó ti ń bọ̀. Lọ́jọ́ kejì tí ó dé, Bàbá mú ọ̀kan nínú rẹ̀, ó fi ìka tẹ ojú rẹ̀, ó gbóòórùn abẹ́ etí rẹ̀, ó sì rọra gbé e padà sínú abọ́.

"Èyí ti kú kí n tó gba físà," ni ó wí.

Apẹja ni Bàbá. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, orí ọ̀sà ni ó sì ti rí owó tí ó fi tọ́ ọmọ mẹ́fà. Ìyàwó mi ni àbígbẹ̀yìn wọn. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún nígbà tí ó wá bá wa, ọwọ́ rẹ̀ ṣì le bí igi àjẹ̀. Tí ó bá dì ọ́ lọ́wọ́ mú láti kí ọ, wàá mọ̀ pé ẹnì kan kí ọ.

Kò yẹ kí ó jẹ́ òun ni yóò wá, ká sọ òótọ́. Tí ọmọ wa obìnrin bá fẹ́ bímọ nílẹ̀ òkèèrè, ìyá rẹ̀ ni ó máa ń wọ ọkọ̀ òfúrufú, tí yóò wá wẹ ọmọ, tí yóò fi omi gbígbóná jó ìyá ọmọ ní ikùn, tí yóò sì máa pàṣẹ fún ọkọ ilé bí ẹni pé ọkọ ilé ń háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó mi ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Bàbá ní ọmọ òun kò ní í bímọ láàárín àjèjì láìsí ẹni tirẹ̀ tí yóò pe orúkọ sí ọmọ náà létí. Ó palẹ̀ mọ́, ó wá. Ìgbà tí ó dé tán ni gbogbo wa ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé a kò mọ ohun tí bàbá ń ṣe nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a fẹ́ wẹ̀ kò tíì dé, bí ó bá sì dé, Bàbá kò mọ ọmọ wẹ̀.

Èmi àti ìyàwó mi a máa jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Bàbá a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pẹ̀lú súwẹ́tà méjì lọ́rùn, a máa wo ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ó mọ ọkọ̀ gbogbo aládùúgbò. Tí a bá délé, á sọ fún wa pé onímọ́tò pupa kò lọ síbi iṣẹ́ lónìí, bóyá ara rẹ̀ kò yá. Lọ́dún náà, inú ọ̀gìnnìtìn ni oṣù Ramadan bọ́ sí. Òjò ń rọ̀ ṣáá, kì í ṣe òjò tí ó ń rọ̀ tí ó sì ń dá, bí kò ṣe èyí tí ó ń sẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, tí òtútù rẹ̀ ń wọ eegun lọ. Nígbà tí àwẹ̀ fi máa dé ìdajì, Bàbá ti fọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fi ṣíbí méjì ògì ṣínu, ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ pé tí a bá ti ṣọdún tán kí a bá òun yí tíkẹ́ẹ̀tì òun, kí òun máa lọ sílé.

"Ọmọ náà yóò wá bá mi nílé," ni ó wí.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ọdún kí ìyàwó mi tó bímọ. Ó dìde, ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó máa dà. Mo mọ ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀.

Inú bí mi. Èmi ni ẹni tí inú máa ń tètè bí, mi ò ní í purọ́. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé èèyàn gbéra láti Ẹ̀pẹ́, ó fò kọjá òkun, kò wá lè fara da ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó gbà mí tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rí i pé agídí kọ́ ni. Ọkùnrin náà kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Láti ọmọ ọdún méje ni ó ti ń ṣiṣẹ́, àwa sì gbé e jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bí àlejò.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Bàbá aláwọ̀ dúdú kan, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ń bójú tó ẹ̀rọ tí ó ń mú ilé náà móoru. Brandywine ni ilé rẹ̀, níbi tí igbó ṣì pọ̀ tí ìdílé rẹ̀ sì ti ń gbé láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òun ni ó kọ́ mi ní ẹja pípa ní ọ̀gìnnìtìn. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní tiráòtù, ara rẹ̀ ní àmì tótòtó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Omi tútù nìkan ni ó lè gbé. Nítorí náà, nígbà òtútù ni àwọn ìjọba máa ń fi ọkọ̀ ńlá gbé e wá, tí wọ́n á dà á sínú àwọn adágún kéékèèké tí ó wà káàkiri agbègbè wa. Nígbà tí orúnkún bàbá náà kò gbà á mọ́, ó fún mi ní ohun tí ó fi ń pa á.

Mi ò mọ orúkọ tí ǹ bá pè é. Táyà rọ́bà ńlá ni, wọ́n fi aṣọ líle bò ó, wọ́n sì so ìjókòó mọ́ àárín rẹ̀. Apẹja á ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú rẹ̀, á jókòó, omi á sì mù ún dé ìbàdí. Ṣòkòtò rọ́bà tí ó gùn dé àyà ni kì í jẹ́ kí omi kàn án lára, bàtà pẹlẹbẹ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ni ó sì fi ń wa ara rẹ̀ kiri. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni pé ọkọ̀ yìí kì í lọ síwájú. Ẹ̀yìn ni ó ń fi rìn. Ibi tí o bá fẹ́ lọ ni wàá kọ ẹ̀yìn sí, tí wàá wá máa ju ẹsẹ̀. Kódà láti wọ inú omi, ẹ̀yìn ni wàá fi wọ̀ ọ́, nítorí bàtà náà. Èmi fi iwájú wọ̀ ọ́. Mo ṣubú lé ẹrẹ̀ gbọọrọ, bàbá Brandywine sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ìyàwó mi kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ọkùnrin tí ó níṣẹ́ méjì, tí kì í rí oorun sùn, ni ó ń lọ jókòó sínú táyà nínú òjò. Nítorí náà, inú bùùtù mọ́tò ni ọkọ̀ táyà mi máa ń gbé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, bí èmi àti Bàbá ṣe ń jẹ sáàrì lọ́jọ́ kan, mo sọ fún un pé ẹja wà nítòsí tí kò tinú yìnyín wá.

Ó gbé ojú sókè. "Ó ń mí?"

"Ó ń mí, Bàbá."

"Ìwọ ọmọ Ìbàdàn, níbo lo ti mọ ẹja? Omi Ògùnpa lẹ mọ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọ̀sẹ̀ méjì tí ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé omi tí mo fẹ́ mu títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pèrun Àsùbáà.

A lọ sí adágún kan ní Brandywine ní Sátidé. Bàbá dúró sí etí adágún pẹ̀lú agbòjò, ó ń wò mí bí mo ṣe fi ẹ̀yìn rìn wọ inú omi, tí mo sì ń ju ẹsẹ̀ lọ sí àárín. Nígbà tó yá ni ó béèrè bóyá mo ṣẹ ẹnì kan nínú adágún yìí tí mi ò fi lè kọjú sí ibi tí mò ń lọ. Mi ò pa nǹkan kan lọ́jọ́ náà. A tún lọ ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mi ò tún pa nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì yìí, Bàbá rìn yí adágún náà ká. Ó ki ọwọ́ bọ omi ní ibi mẹ́ta, ó padà wá, ó sì nawọ́ sí apá kan níbi tí odò kékeré kan ti ń ṣàn wọlé lábẹ́ igi.

"Òjò ń gbé oúnjẹ gba ibẹ̀ wọlé fún wọn," ni ó wí. "Ìwọ ń jókòó sí pálọ̀, wọ́n wà ní kíṣìnnì."

Ilẹ̀ ti ń ṣú, a ní láti lọ ṣínu. Mo ṣèlérí fún un pé a máa padà wá, pé kí àwẹ̀ tó parí òun yóò fi ẹja tí ó ń mí ṣínu ní ilé mi. Mo tún ṣèlérí pé èmi fúnra mi ni màá fi mọ́tò gbé e lọ kírun ọdún. Ọ̀rọ̀ ìrun ọdún yìí nìkan ni ó máa ń fi ìdùnnú sọ. Ó ti mú agbádá funfun kan bọ̀ láti ilé nítorí rẹ̀. Ìyàwó mi ti lọ̀ ọ́, ó fi kọ́ sára ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, Bàbá a sì máa fọwọ́ kàn án tí ó bá ń kọjá.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n àwẹ̀ pé. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ oṣù ṣe máa ń rí. Tí wọ́n bá rí oṣù ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọdún di ọ̀la. Tí wọn kò bá rí i, àwẹ̀ di ọgbọ̀n. Àwa ọmọ Nàìjíríà tí a wà nínú jàmáà kan náà ní ètò tiwa: alhájì kan tí ó ń gbé ilé ńlá ní Mitchellville ni yóò gbọ́ lẹ́nu àwọn ìmáàmù, tí yóò sì máa fi fóònù pe ilé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, Bàbá jáde síta, ó ń wojú ọ̀run nínú òjò. Kùrukùru nìkan ni ó rí. A dúró títí di aago mẹ́sàn-án, alhájì kò pè. Ó ti di òru mẹ́ta tí ìyàwó mi kò sùn nítorí ọmọ tí ń ju ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí oorun wá gbé e lọ lórí àga, ẹ̀rù bà mí kí aago fóònù má jí i. Mo gbé etí fóònù kúrò lórí rẹ̀, mo fi pílò bò ó, mo sì gbé ìyàwó mi lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní màá dá a padà láìpẹ́. Oorun gbé èmi náà lọ.

Nígbà tí a jí láti jẹ sáàrì, Bàbá bi mí pé kí ni wọ́n wí nípa oṣù. Mo ní ẹnikẹ́ni kò pè wá. Òótọ́ sì ni mo sọ, ẹnikẹ́ni kò pè wá.

Bí a ṣe kírun Àsùbáà tán ni a gba Brandywine lọ nínú òjò. Mo fi ẹ̀yìn wọ omi, mo ju ẹsẹ̀ lọ tààrà sí ẹnu odò kékeré náà, mo sì ju ìwọ̀ síbẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Okùn fà, ọ̀pá tẹ̀, nǹkan kan sì ń fà mí lọ pẹ̀lú táyà mi bí ẹni tí ó ń fa àbúrò rẹ̀ lọ sílé. Nígbà tí mo gbé e sókè, ó gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ọwọ́, ara rẹ̀ ń dán nínú òjò. Mo wo etí omi. Bàbá kò pariwo, apẹja kì í pariwo. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kan sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mo tún pa ìkejì, ó tún gbé ọwọ́ sókè. Mi ò rò pé mo ti gba ẹ̀bùn kankan níléèwé tí ó dùn mọ́ mi nínú tó ọwọ́ méjì yẹn.

Nígbà tó yá, òtútù lé Bàbá wọ inú mọ́tò. Ìgbà tí mo tún wo etí omi, mo rí i tí ó ń bọ̀ kíákíá láìsí agbòjò, tí ó fi ìka méjì di bípà mi mú bí ẹni tí ó mú alákàn.

"Nǹkan yìí ò yé ké," ni ó wí.

Inú mọ́tò ni mo fi ẹ̀rọ kékeré náà sí, kì í ké àfi tí ẹnì kan bá fi fóònù wá mi. Ìyàwó mi nìkan ni ó ní nọ́ńbà bípà yẹn, a sì ti jọ ṣàdéhùn pé tí ìrọbí bá bẹ̀rẹ̀, yóò máa pè mí léraléra. Oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Mo kọjú sí etí omi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹsẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Bí mo ṣe ń jù ú tó ni mò ń jìnnà tó. Mo rí Bàbá tí ó ń kéré sí i lójú mi, mi ò sì lóye ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Mo ti gbàgbé ohun gbogbo nípa ọkọ̀ náà.

"Ọmọ mi," Bàbá wí láti etí omi, ohùn rẹ̀ tutù, "kẹ̀yìn sí mi."

Mo kẹ̀yìn sí i. Mo ju ẹsẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ọwọ́ líle rẹ̀ ní èjìká mi, tí ó fà mí gòkè.

Nọ́ńbà ilé wa ni ó wà lójú bípà náà, ó ti wọlé ní ìgbà méje. Mo fi Bàbá sílẹ̀ létí omi, mo wọ mọ́tò pẹ̀lú ṣòkòtò rọ́bà lára, mo sáré dé ilé epo tí fóònù wà níta rẹ̀, mo ki kọ́ìnsì sí i. Ìyàwó mi gbé e kí ó tó dún tán.

"Ara rẹ dá?" ni mo bi í.

Ìyàwó mi kì í pè mí ní ìwọ àfi tí inú bá bí i gidi. "Ìwọ! Happy Eid o. Fóònù wà lábẹ́ pílò, off the hook, all night. Alhájì ní òun pè wá títí títí. Wọ́n ti rí oṣù láti àná. They have prayed, they have finished, àwọn èèyàn ti ń jẹun. Ìwọ àti bàbá mi sì wà nínú bush, ẹ̀ ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún."

Mùsùlùmí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Èèwọ̀ ni kí èèyàn gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Mo padà lọ sí etí adágún, mi ò sáré mọ́. Mo ń rí agbádá funfun yẹn lójú mi lára ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé ó ti parí. Bàbá yóò sọ pé ilẹ̀ tí èèyàn kò ti mọ ọjọ́ ọdún kì í ṣe ilẹ̀ gbígbé, òótọ́ ni yóò sì sọ. Yóò lọ, ìyàwó mi yóò bímọ láìsí ẹnikẹ́ni ilé rẹ̀, ẹ̀bi mi ni yóò sì jẹ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ kí n tó ṣàlàyé. Bàbá gbọ́ mi títí dé òpin.

"Ọmọ mi ńkọ́, ara rẹ̀ dá?"

"Ara rẹ̀ dá, Bàbá."

"Aago mélòó ló lù?"

"Mẹ́wàá kọjá díẹ̀."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò súwẹ́tà rẹ̀, ó mú dàbínù mẹ́rin jáde, èyí tí ó tọ́jú láti fi ṣínu ní ìrọ̀lẹ́. Ó fún mi ní méjì. "Bìsìmílàhì," ó wí, "jẹ ẹ́ kíákíá." A jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bọ́ aṣọ rọ́bà mi, kí n wá ṣe àlùwàlá, pé ọ̀sán kò tíì pọ́n, ìrun ọdún kò tíì bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Àwọn tí ó ni ọgbà tí adágún náà wà kọ́ àtíbàbà kan síbẹ̀ fún àwọn tí ó bá wá ṣeré nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Abẹ́ rẹ̀ ni a tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi sí. Bàbá bọ́ síwájú pẹ̀lú súwẹ́tà méjì rẹ̀, ó sì kírun ọdún, èmi nìkan lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò tó ohùn jàmáà, òjò orí páànù sì ń pariwo bò ó, ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbogbo kábárà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ojú tì mí, inú mi sì dùn. Mi ò mọ̀ pé méjèèjì lè jọ wà nínú ènìyàn kan náà.

Bí a ṣe sálámà tán, ó yíjú padà, ó kí mi kú ọdún, ó sì bi mí bóyá iná wà.

Iná wà. Wọ́n ri ààrò irin mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà náà, èédú tí ó kù láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì wà nínú bùùtù mi. Bàbá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó la ẹja méjèèjì, ó fọ̀ wọ́n, ó gbé wọn ka iná láìsí iyọ̀, láìsí ata. Òun ni ó ń yí wọn, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ó jinná, ó jẹ odidi kan tán. Ó jẹ orí rẹ̀, ó fa eegun rẹ̀ mu, ó lá ìka rẹ̀ máràrùn-ún. Mo fi ọgbọ́n wo ibòmíràn kí ó má bàa rò pé mò ń ṣọ́ òun. Ó bu ìkejì sí méjì, ó fún mi ní apá kan, ó sì di èyí tí ó kù sínú bébà.

"Ti ọmọ mi nìyí." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹja yìí, ìgbà wo ni wọ́n tún ń gbé e wá?"

Mo sọ ohun tí bàbá Brandywine sọ fún mi, pé ọkọ̀ wọn yóò tún wá ní nǹkan bí oṣù kan sí i, àti pé títí ooru yóò fi dé ni ẹja náà yóò fi wà. Ó ń fi ìka kan ka àwọn ìka tó kù. A kó ẹrù sínú mọ́tò.

"Má tíì yí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn," ni ó wí.

Ìyàwó mi dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà, ikùn ṣáájú, ojú le. Bàbá na bébà náà sí i. Ó tú u, ó gbóòórùn rẹ̀, orí ìdúró níbẹ̀ ni ó ti jẹ ẹ́ tán kí ó tó rántí pé òun ń bínú sí wa.

Láti ìgbà náà Bàbá níṣẹ́. Sátidé kì í kọjá wa. Kò pẹ́ tí ó fi ní òun fẹ́ jókòó sínú táyà náà fúnra òun. Mo so okùn mọ́ ọn, mo di orí kejì mú létí omi, mo sì ń fi okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń ju ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń lọ, ojú rẹ̀ sì wà lára mi bí ó ṣe ń lọ. Ó ní òun ti rí ìwúlò ọkọ̀ tí òun ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó dára fún ẹni tí kò tíì wo ilé rẹ̀ tó.

Ìyàwó mi bímọ obìnrin lọ́jọ́ Wẹ́sidé kan tí òjò ń rọ̀. Bàbá ni ó kọ́kọ́ pèrun sí i létí, òun náà ni ó sì pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ, nínú agbádá funfun náà. Kò wẹ ọmọ, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé e sí àyà lójú fèrèsé, á sì máa sọ fún un irú mọ́tò tí ó ń wọlé.

Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé. Wọ́n ṣì máa ń jẹ́ kí èèyàn sin èrò dé ẹnu géètì ọkọ̀ òfúrufú nígbà náà. Ó gbàdúrà fún wa, ó fọwọ́ kan ọmọ lórí, ó gbé báàgì rẹ̀. Mo rò pé yóò yíjú padà kí ó máa lọ bíi ti gbogbo èrò. Kò yíjú. Ó kọjú sí wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn, ó ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, àwọn èèyàn ń yà fún un, títí ó fi wọ inú ihò ọ̀nà tí ó lọ sínú ọkọ̀. Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. Èmi ò mọ̀ pé mo ti na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, tí mò ń fi okùn sílẹ̀ fún un.